Àwọn Káàdì Tí Mo Dá Fọwọ́ Sí

"Ta ló rí ọ?"

Akọ̀wé ẹgbẹ́ agbá-gọ́ọ̀fù ló bi mí bẹ́ẹ̀, lọ́sàn-án ọjọ́ kan nínú oṣù kẹjọ, nígbà tí mo to káàdì mẹ́tàlélógún sórí tábìlì rẹ̀. Òyìnbó tó ti lé ní àádọ́rin ọdún ni, ó fi okùn so awò ojú rẹ̀ kọ́ ọrùn, ohùn rẹ̀ kì í sì í ròkè. Ó yẹ káàdì kìn-ín-ní wò, ó yẹ èkejì. Nígbà tó dé orí ìkarùn-ún, ó dáwọ́ dúró.

"Ìbuwọ́lù kan ṣoṣo ló wà lára gbogbo wọn," ó wí.

"Tèmi ni. Èmi nìkan ni mo gbá a."

"Ohun tí mo ń sọ náà nìyẹn. Ta ló rí ọ?"

Mo ní kò sẹ́ni tó rí mi. Ó kó àwọn káàdì náà jọ, ó to etí wọn dọ́gba, ó sì dá wọn padà fún mi. "Èyí tó o bá dá gbá, ìdárayá ni," ó wí. "A ò lè kà á. Òfin ni."

Kí n ṣàlàyé fún ẹni tí kò mọ gọ́ọ̀fù. Ihò méjìdínlógún ló wà ní pápá. Èèyàn á máa fi ọ̀pá gbá bọ́ọ̀lù kékeré kan láti ihò dé ihò, á sì máa ka iye ìgbà tó gbá a. Ẹni tí iye tirẹ̀ bá kéré jù ló mọ̀ ọ́n gbá jù. Nítorí pé ọwọ́ ò dọ́gba, ẹgbẹ́ máa ń fún olúkúlùkù ní nọ́ńbà kan tí wọ́n ń pè ní hándíkáàpù. Lọ́jọ́ ìdíje, wọ́n á yọ nọ́ńbà yẹn kúrò nínú iye tó gbá, kí òpè àti ọ̀gá lè jọ figagbága. Bí ọwọ́ rẹ bá ṣe burú tó ni nọ́ńbà rẹ ṣe máa tóbi tó. Orí káàdì lo máa kọ iye tó o gbá lọ́jọ́ kan sí; káàdì mẹ́ta ni wọ́n fi ń ṣírò nọ́ńbà náà, ẹnìkan tó bá ọ rìn sì gbọ́dọ̀ buwọ́ lu ọ̀kọ̀ọ̀kan. Bí o kò bá ní nọ́ńbà, o lè máa wá gbá bọ́ọ̀lù títí ayé, ṣùgbọ́n orúkọ rẹ kò ní sí lára pátákó tó wà lẹ́nu ọ̀nà, o kò sì lè bá wọn díje.

Mo ti ní méjì. Ẹ̀kẹta ló kù. Ìdíje ìparí ìgbà ooru ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, mo sì ti gba àyè Sátidé ọjọ́ náà níbi iṣẹ́ láti oṣù kẹfà.

*

Akọ̀ròyìn ni mí n'Íbàdàn fún ọdún mẹ́tàdínlógún kí n tó kúrò nílé. Eré ìdárayá ni mò ń kọ. Ọ̀gá mi, olóòtú wa, pín bọ́ọ̀lù àfẹsẹ̀gbá fún àwọn ọkùnrin, ó ní kí èmi máa lọ sí pápá gọ́ọ̀fù. "Àwọn ọlọ́lá ló wà níbẹ̀," ó wí, "kò sẹ́ni tó máa já ẹ ní báàgì." Ọ̀kan nínú àwọn tó ń gbé àpò fún àwọn ọlọ́lá náà ló kọ́ mi láti gbá a, ní kùtùkùtù, kí àwọn ọ̀gá tó dé.

Nílé, kò sẹ́ni tó ń dá gbá gọ́ọ̀fù. Ẹnìkan á gbé àpò rẹ, ẹnìkan á sáré ṣíwájú láti wo ibi tí bọ́ọ̀lù bọ́ sí, àwọn mìíràn á sì jókòó sábẹ́ igi, tí wọ́n á máa sọ ohun tí ẹnikẹ́ni ò bi wọ́n. Bí bọ́ọ̀lù rẹ bá wọ igbó, èèyàn márùn-ún ló máa tọ́ka síbi tó wọ̀, mẹ́ta nínú wọn á sì máa parọ́. N kò mọ̀ nígbà yẹn pé ọrọ̀ ni èyí. Mo rò pé bí ayé ṣe rí níbi gbogbo nìyẹn, pé bí o bá ṣe nǹkan, ẹnìkan á ti rí ọ.

Nígbà tí mo dé Peckham, ní Lọ́ńdọ̀nù, òtútù kọ́ ló kọ́kọ́ bà mí lẹ́rù. Wọ́n ti sọ ti òtútù fún mi. Ohun tí wọn ò sọ ni pé mo lè rìn láti òkè òpópónà Rye Lane dé ìsàlẹ̀, kí n gbọ́ Yorùbá Ìjẹ̀bú, kí n gbọ́ ti Ìbàdàn, kí obìnrin tó ń ta ẹja gbígbẹ pè mí ní "àbúrò mi," kí n sì délé láìsí ẹnikẹ́ni tó mọ̀ bóyá mo jẹun láti àná. Ní oṣù àkọ́kọ́, mo ṣubú lórí àtẹ̀gùn bọ́ọ̀sì. Àwọn èèyàn bi mí bóyá ara mi le, mo ní ó le, ọ̀rọ̀ sì parí síbẹ̀. Nílé, wọn ì bá ṣì máa sọ ọ́ dòní pé mo ṣubú. Inú ì bá bí mi. Ṣùgbọ́n wọn ì bá máa sọ ọ́.

Iṣẹ́ tí mo rí ni ti ìtọ́jú àwọn arúgbó nínú ilé wọn. Aago mẹ́fà ààbọ̀ àárọ̀ ni mo máa ń bẹ̀rẹ̀: mo máa wẹ̀ fún ẹni yìí, mo máa fún ẹni yẹn lóúnjẹ àti oògùn, láti Peckham dé Bermondsey, títí di aago mọ́kànlá. Lẹ́yìn náà, iṣẹ́ á dá títí di aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, ká tó tún bẹ̀rẹ̀. Gáàpù ni àwa tó ń ṣe é ń pè é. Àwọn kan máa ń sùn nínú bọ́ọ̀sì nígbà gáàpù. Àwọn kan máa ń jókòó sí láíbìrì. Ọdún kan gbáko ni mo fi jókòó sí láíbìrì, títí mo fi rí ọ̀pá gọ́ọ̀fù mẹ́fà nínú àpò kan tí síìpù rẹ̀ ti já, níbi tí wọ́n ti ń ta aṣọ àlòkù. Mo gbé e délé bí ẹni gbé ọmọ.

Pápá ìlú kan wà tí bọ́ọ̀sì méjì ń gbé mi dé. Ní gáàpù tèmi, àwọn tó ń ṣiṣẹ́ wà níbi iṣẹ́, àwọn tó ti fẹ̀yìntì sì ti gbá tiwọn tán láàárọ̀. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń dá gbá a. Kì í ṣe pé mo kórìíra èèyàn.

Ìyá mi pè mí lọ́jọ́ kan nígbà tí mo wà ní ihò kẹfà.

"Níbo lo wà?"

"Mò ń gbá gọ́ọ̀fù, Mọ́mì."

"Ìwọ àti ta ni?"

"Èmi nìkan ni."

"Irú eré wo lèèyàn ń dá ṣe? Ṣé ara ẹ yá?"

*

Oṣù méje ni mo fi rí káàdì méjì tó ní ìbuwọ́lù méjì. Ọkùnrin kan tó ń pín lẹ́tà ló buwọ́ lu àkọ́kọ́, ó ti tètè parí iṣẹ́ lọ́jọ́ náà. Olùkọ́ kan tó ti fẹ̀yìntì ló buwọ́ lu èkejì. Mo gbá 104 pẹ̀lú ọkùnrin náà, mo gbá 106 pẹ̀lú obìnrin náà. Ojú tó ń wò mí ló gba agbára lọ́wọ́ mi. Nígbà tí mo bá dá wà, 94 sí 98 ni mò ń gbá. Mo kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀, mẹ́tàlélógún, mo kọ déètì, mo kọ bí afẹ́fẹ́ ṣe rí. Bí wọ́n bá gba àwọn káàdì náà, nọ́ńbà mi á kéré sí i ni, ìrànlọ́wọ́ tí mo máa rí á sì dín kù. Kí ni mo wá fẹ́ fi irú irọ́ bẹ́ẹ̀ jẹ?

Mo bi Bàbá kan léèrè ní Bermondsey, ọ̀kan nínú àwọn tí mò ń tọ́jú. Ẹni ọdún méjìdínláàádọ́rùn-ún ni, ó ti ṣiṣẹ́ ní èbúté nígbà tí ọkọ̀ ojú omi ṣì ń wá. Ó ń gbé tíì rẹ̀ mì nígbà tí mo ròyìn akọ̀wé fún un.

"Ẹni tó dá wà tó ń rẹ́ ara rẹ̀ jẹ, aṣiwèrè ni," ó wí. "Ṣé aṣiwèrè ni ọ́?"

"Rárá o."

"Kò burú. Fún mi ní oògùn mi."

Mo fún un ní oògùn ọkàn rẹ̀, kóró méjì. Mo mú ìwé, mo kọ aago, mo kọ orúkọ oògùn, mo buwọ́ lù ú. Ibẹ̀ ni mo dúró tí mo ń wo ojú ìwé náà. Láti òkè dé ìsàlẹ̀, àárọ̀ àti ìrọ̀lẹ́, ìbuwọ́lù mi nìkan. Bí mo bá fún un ní mẹ́rin dípò méjì, ó lè kú. Ìlú yìí gba ọ̀rọ̀ mi lórí ọkàn Bàbá yìí lójoojúmọ́, láìsí ẹlẹ́rìí. Bọ́ọ̀lù tí kò ju ẹyin adìẹ lọ ni wọn ò gba ọ̀rọ̀ mi lé lórí.

Inú bí mi débi pé mo pe ọ̀gá mi àtijọ́ n'Íbàdàn, olóòtú tó rán mi lọ sí pápá. Mo rò pé ó máa gbè mí. Ó kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín.

"Ìwọ náà! Ìròyìn tó jẹ́ pé ẹnìkan ṣoṣo ló sọ ọ́, ṣé a máa ń tẹ̀ ẹ́ jáde?"

"Rárá, sà."

"Ẹ̀ẹ̀melòó ni mo dá iṣẹ́ ẹ padà torí ẹlẹ́rìí kan?"

"Ẹ ti dá a padà, sà. Ṣùgbọ́n ìyẹn, ẹlòmíràn la fẹ́ fẹ̀sùn kàn. Ara mi ni mò ń sọ níbí. Eré tí wọ́n ní kéèyàn fẹnu ara ẹ̀ jẹ́wọ́ tó bá tẹ bọ́ọ̀lù mọ́lẹ̀ nínú igbó ni. Wọ́n gbà mí gbọ́ tí mo bá ní mo jẹ̀bi. Wọn ò gbà mí gbọ́ tí mo bá ní mo ṣe dáadáa."

Mo gbọ́ jẹnẹrétọ̀ àwọn aládùúgbò rẹ̀. "O ti rí kókó ìròyìn ẹ," ó wí. "Ṣùgbọ́n wá ẹlẹ́rìí, jàre. Ìjà yẹn, wọlé ná kó o tó jà á."

*

Alhaja ló ni ilé tí mò ń gbé. Ẹni ọdún méjìdínláàádọ́rin ni wọ́n, ilẹ̀ ọ́fíìsì ni wọ́n ń gbá kí wọ́n tó fẹ̀yìntì. Wọ́n ti wà nínú àwọn ilé ìjọba North Peckham kí council tó wó wọn, wọ́n sì ṣì máa ń júwe ọ̀nà fún èèyàn pẹ̀lú àwọn ilé tí kò sí mọ́. Dókítà ti ní kí wọ́n máa rìn nítorí eékún wọn. Mo bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n bá mi rìn lọ́jọ́ kan, kí wọ́n kọ iye tí mo bá gbá, kí wọ́n sì buwọ́ lù ú.

"Kí ló dé tí ìwọ ò lè kọ ọ́ fúnra ẹ?"

Mo ṣàlàyé. Wọ́n gbé ọwọ́ lé àgbọ̀n.

"Ìrun téèyàn dá kí nílé, ṣé Ọlọ́run ò gbà á?"

"Ó ń gbà á, mà."

"Láádá ti jámáà, èyí táwọn èèyàn jọ kí, ló pọ̀ jù. Ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó ní kéèyàn lọ tún un kí. Àwọn wọ̀nyí le ju Ọlọ́run lọ. Ṣé ajá wà ńbẹ̀?"

"Kò sí ajá, mà."

"Ó dáa. Màá bá ẹ lọ."

A lọ lọ́jọ́ Ajé. Wọ́n wọ kóòtù òjò lé híjáàbù, wọ́n gbé fíláàsì, wọ́n fi pẹ́ńsù sétí. Ní ihò kìn-ín-ní, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé ọ̀pá sókè ni mo gbọ́ ohùn wọn lẹ́yìn mi.

"Alhaja, ẹ jọ̀ọ́, wọn kì í sọ̀rọ̀ téèyàn bá fẹ́ gbá a."

"Ta ló ń sọ̀rọ̀? Àdúrà ni mò ń ṣe."

Mo gbá a, ó lọ tààrà. "Ṣé o rí i?" ni wọ́n wí.

Láti ìgbà tí mo ti dé ìlú yìí, n kò tíì gbádùn ọ̀sán kan tó bẹ́ẹ̀. Wọ́n bínú sí igi tó dí mi lọ́nà. Wọ́n bi mí ìdí tí àwọn òyìnbó fi fi ilẹ̀ tó dáa báyìí sílẹ̀ láìgbin ẹ̀fọ́. Ní ihò kẹrin, bọ́ọ̀lù mi wọ igbó, mo gbá a nígbà mẹ́sàn-án kó tó wọlé. Ní ìkọkànlá, mo ju ọ̀pá lé afẹ́fẹ́, n kò kan bọ́ọ̀lù rárá, bẹ́ẹ̀ òfin ń kà á. Níbi odò tó wà ní ìkẹrìndínlógún, bọ́ọ̀lù bọ́ sómi. Mò ń ké iye rẹ̀ sí wọn ní gbogbo ihò, wọ́n sì ń kọ ọ́. Nínú orí mi, 97 ni.

Nígbà tí a fi parí, aago mẹ́ta ti kọjá, ẹni tí mo máa kọ́kọ́ tọ́jú ní Deptford sì ń retí mi ní mẹ́rin. Alhaja buwọ́ lu káàdì, mo buwọ́ lù ú tẹ̀lé wọn láìkà á, mo jù ú sínú àpótí ẹgbẹ́, a sì sáré bá bọ́ọ̀sì. Akọ̀ròyìn ọdún mẹ́tàdínlógún, ó buwọ́ lu ohun tí kò kà. N kò rí àwáwí kankan ṣe fún ara mi.

Nínú bọ́ọ̀sì ni wọ́n ti rẹ́rìn-ín músẹ́. "Mo bá ẹ tún un ṣe o."

"Kí lẹ tún ṣe, mà?"

"Ibi igbó yẹn. Mẹ́sàn-án ti pọ̀ jù, mo kọ mẹ́fà. Èyí tó ò kan nǹkan kan, mo fò ó. Mo mú méjì kúrò níbi odò."

"Alhaja!"

"Kí lò ń pariwo fún nínú bọ́ọ̀sì?"

"Irọ́ la kọ yẹn, mà."

"Irọ́ báwo? Ṣé bọ́ọ̀lù náà ò wọ ihò ni?"

"Ó wọ ihò."

"Ẹn-ẹ́n. Àṣírí ẹ ni mo bò. Ta ló ń ka àṣìṣe ọmọ ẹ̀ fún àlejò?"

Mo ṣàlàyé fún wọn pé kí iye kéré báyìí á mú kí nọ́ńbà mi kéré, pé ẹni tí nọ́ńbà rẹ̀ kéré, ìrànlọ́wọ́ díẹ̀ ni wọ́n ń fún un.

"Ìyẹn ni pé mo pa ẹ́ lára?"

"Díẹ̀, mà."

"Ẹni tó bá burú jù ni wọ́n ń ràn lọ́wọ́ jù?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

"Bíi council tó ń pín ilé ìjọba," ni wọ́n wí, wọ́n sì kọjú sí fèrèsé.

*

N kò lè bínú sí wọn. Níbi tí àwa méjèèjì ti wá, ẹlẹ́rìí rẹ ni èèyàn rẹ. Òun ló ń dúró tì ọ́, òun ló ń sọ ọ̀rọ̀ rẹ ní ọ̀nà tí ojú kò fi ní tì ọ́. Ọdún mẹ́rin ni mo ti ń wá irú ojú bẹ́ẹ̀ kiri Peckham, ọjọ́ Ajé yẹn ni mo rí i. Òun náà ló sì kọ irọ́ sí ìwé mi, tìfẹ́tìfẹ́. Káàdì mẹ́tàlélógún tó jẹ́ òótọ́ wà nínú àpò mi, wọn ò kà wọ́n. Ọ̀kan tó jẹ́ irọ́ wà nínú àpótí ẹgbẹ́, ó ti kún ojú òfin. Bí mo bá pa ẹnu mọ́, nọ́ńbà mi á jáde, orúkọ mi á wọ pátákó.

Mo sọ fún Alhaja pé mò ń lọ bá akọ̀wé. Mo rò pé wọ́n á bínú. "Màá tẹ̀lé ẹ," ni wọ́n wí. "Èmi tí mo ṣe é, èmi ni màá fẹnu mi sọ ọ́."

Ní ọjọ́ kejì, a jókòó síwájú tábìlì náà. Akọ̀wé gbọ́ tẹnu wa tán. Ó bọ́ awò ojú rẹ̀.

"Mádáàmù, ẹ buwọ́ lù ú pé òótọ́ ni," ó wí fún Alhaja.

"Mo buwọ́ lù ú pé ọmọ mi ni," ni Alhaja fèsì.

Ó yíjú sí mi. "Ọdún mọ́kànlélógún ni mo ti wà lórí àga yìí. Ẹni tó bá padà wá láti fi kún iye rẹ̀ lẹ́yìn ìbuwọ́lù, mo mọ ohun tó ń wá. Nọ́ńbà ńlá ló ń wá, kí ìdíje lè rọ̀ ọ́ lọ́rùn."

Ara mi gbóná. "Nígbà tí mo mú iye tó kéré wá, ẹ ní kò sẹ́ni tó rí mi. Ní báyìí tí mo mú èyí tó pọ̀ wá, ẹ ní mo fẹ́ jalè. Èwo ni kí n mú wá tí ẹ máa gbà?"

Ó fi ìka kan tẹ káàdì náà. "Mi ò lè yí ohun tó wà lórí rẹ̀ padà. Kó dúró bó ṣe wà, tàbí kí n ya á. Bó bá dúró, ìbuwọ́lù méjì ló ní, wàá gba nọ́ńbà lónìí, wàá sì díje. Bí mo bá ya á, o ti padà sí méjì."

Alhaja fi ẹsẹ̀ kàn mí lábẹ́ tábìlì.

"Ẹ ya á," ni mo wí.

Ó ya á sí méjì, ó tún ya á sí mẹ́rin. Lẹ́yìn náà ló ṣí ìwé àkọsílẹ̀ ọjọ́ rẹ̀. "Ọwọ́ mi dilẹ̀ ní Ọjọ́bọ̀, lọ́sàn-án. Mo lè bá ọ rìn."

"Ẹ máa bọ̀," ni mo wí. "Ṣùgbọ́n ẹ má rò pé bí ẹ bá dé ni òótọ́ máa bẹ̀rẹ̀. Ó ti wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀."

*

Ó wá ní Ọjọ́bọ̀. Kò sọ ju ọ̀rọ̀ mẹ́wàá lọ láti ihò kìn-ín-ní dé ìkẹyìn. Ojú rẹ̀ ò kúrò lára ọwọ́ mi, ọwọ́ mi náà ò sì kúrò nínú gbígbọ̀n. Mo gbá 101. Ó buwọ́ lù ú, ó kó mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jọ, 104, 106 àti 101, ó mú èyí tó kéré jù, ó yọ 72 tí ọ̀gá máa ń gbá ní pápá náà kúrò, ó sì fún mi ní nọ́ńbà: mọ́kàndínlọ́gbọ̀n.

Orúkọ mi wọ pátákó. Mo dúró níwájú rẹ̀, mo kà á. Àkọ́kọ́ nìyẹn tí orúkọ mi máa wà lára ògiri ní ìlú yìí. Ṣùgbọ́n nọ́ńbà tó wà níwájú rẹ̀ kì í ṣe tèmi. Nọ́ńbà obìnrin tí ẹ̀rù ń bà ni, nígbà mẹ́ta péré tí àjèjì wò ó. Ọjọ́ mẹ́tàlélógún ni mo ti gbá a dáadáa láìsí ojú ẹnikẹ́ni; èyí tó kéré jù nínú wọn, 94, ì bá fún mi ní méjìlélógún. Wọ́n ń bẹ̀rù pé ẹni tó dá gbá a á fi kún iye rẹ̀. Òfin fúnra rẹ̀ ló fi méje kún tèmi.

Mo kọ lẹ́tà sí akọ̀wé lọ́jọ́ Jímọ̀ tó ṣáájú ìdíje: "Nọ́ńbà tí ẹ fún mi ti tóbi jù. Méjìlélógún ló yẹ kó jẹ́." Ó fèsì ní ìlà kan pé òun ti gba lẹ́tà mi, òfin sì ni òfin.

Lọ́jọ́ Sátidé, wọ́n pín mi pọ̀ mọ́ àwọn obìnrin méjì. Mo rò pé ọwọ́ mi á tún gbọ̀n, kò gbọ̀n. Ìdíje ni, bọ́ọ̀lù tirẹ̀ ni olúkúlùkù ń wò. Ọ̀kan nínú wọn, obìnrin onífìlà funfun, ló ń kọ káàdì mi. Ní ihò mẹ́wàá, bí kò bá tilẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ, ó ti ń rìn lọ síwájú kí n tó gbá bọ́ọ̀lù tèmi wọlé, á sì bojú wẹ̀yìn pé, "Mélòó lo gbá?"

Mo máa sọ fún un. Á kọ ọ́.

Nígbà tó di ẹ̀ẹ̀kẹsàn-án tó béèrè, ẹ̀rín ń pa mí. Ẹlẹ́rìí tí wọ́n ní mi ò ní láti ọjọ́ yìí wá nìyẹn. Ọ̀rọ̀ ẹnu mi ni, pẹ́ńsù ẹlòmíràn ni.

Mo gbá 94. Wọ́n yọ mọ́kàndínlọ́gbọ̀n kúrò, ó ku 65. Obìnrin onífìlà funfun ló tẹ̀lé mi, 70. Akọ̀wé dìde, ó pe orúkọ mi, ó gbìyànjú láti pè é dáadáa, ó sì gbé ife kékeré kan fún mi níwájú bí ogójì èèyàn. Wọ́n pàtẹ́wọ́. Ẹni tó bá gba ife máa ń dúpẹ́ ráńpẹ́, kó jókòó.

Mo ní: "Ẹ ṣeun. Ife yìí kì í ṣe tèmi. Bí ẹ bá ti ka àwọn ọjọ́ tí mo dá gbá a ni, méjìlélógún lẹ máa yọ fún mi, 72 ni ì bá kù, obìnrin yìí ló sì máa borí. Òfin yín ló gbé ife rẹ̀ fún mi. Mo ti kọ ọ́ síwèé kí ìdíje tó bẹ̀rẹ̀, akọ̀wé sì ní in lọ́wọ́." Mo gbé ife náà síwájú onífìlà funfun. Ojú rẹ̀ pọ́n. Ó ní kò lè gbà á. Mo ní kó gbà á jàre.

Ẹnikẹ́ni ò pàtẹ́wọ́ mọ́. Ọkùnrin kan lẹ́yìn sọ pé, "Òótọ́ ló sọ kẹ̀." Ẹlòmíràn ní ibi gbígba ife kọ́ ni wọ́n ti ń bá òfin jà. Àríyànjiyàn bẹ̀rẹ̀, ó sì gbóná ju ìdíje lọ.

Akọ̀wé wá bá mi níbi tí mo ti ń di àpò mi. Ó mú ìwé ńlá ẹgbẹ́ lọ́wọ́, ó ṣí i síbi orúkọ mi. Ó ní òun lágbára láti yí nọ́ńbà ẹnikẹ́ni padà bí òun bá rí i pé kò bá a mu. Agbára náà ti wà látọjọ́ tó ti pẹ́, òun kàn kì í lò ó ni.

"Mélòó lo ní kó jẹ́?" ó bi mí.

"Méjìlélógún."

"Kí ni kí n kọ sí ibi ẹ̀rí?"

"Ẹ kọ pé èmi ni mo sọ bẹ́ẹ̀."

Ó kọ ọ́. Lọ́tẹ̀ yìí, mo ní kó kà á sí mi létí, ó sì kà á, láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin.